Kànáfùrù ń bo òórùn òdòdó mọ́lẹ̀ nínú kọ́kítéèlì mi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ máa po kọ́kítéèlì tíì olódòdó fún àlejò nílé. Tíì jásímìnì, jíìnì, omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti omi ṣúgà tí mo fi kànáfùrù àti igi sínámọ́ọ̀nù sè ni mo lò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbìyànjú: ti àkọ́kọ́ korò, ti ẹ̀ẹ̀kejì ṣàn bí omi, kànáfùrù nìkan ni mo sì ń gbóòórùn nínú méjèèjì. Kí ni mo ṣì ṣe?

Ìdáhùn: Inú tíì ni ìkorò yẹn ti wá. Èyí tó pọ̀ jù nínú tíì jásímìnì kì í ṣe òdòdó lásán. Ewé tíì ni, tí wọ́n tẹ́ òdòdó tútù sí láàárín kí ó lè fa òórùn rẹ̀ mu. Bí ẹ bá da omi tó ṣì ń hó lé irú ewé bẹ́ẹ̀, tàbí tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ sínú omi, kíkorò ni yóò korò. Nígbà tí omi bá ti hó, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ó rọlẹ̀ sí nǹkan bí 80°C, kí ẹ tó dà á lé ewé, kí ẹ sì sẹ́ ẹ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 3. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó le sí i, ewé ni kí ẹ fi kún un, ẹ má fi àkókò kún un. Gíráàmù 6 sí mìlílítà 200 omi ni èmi máa ń lò, ìlọ́po méjì èyí tí a ń mu lásán, nítorí yìnyín yóò yọ́ sínú rẹ̀. Àìka omi yìnyín yìí sí ló sábà máa ń jẹ́ kí kọ́kítéèlì ṣàn.

Ní ti kànáfùrù, ẹ ṣọ́ra fún un gidigidi. Òróró inú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní eugenol, lágbára débi pé bí a bá jẹ ẹyọ kan lẹ́nu, ahọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Fún gíráàmù 200 ṣúgà àti mìlílítà 200 omi, ẹyọ 3 ti tó, pẹ̀lú igi sínámọ́ọ̀nù kan àti atalẹ̀ tútù tí a gé pẹlẹbẹ ní ìwọ̀nba. Ẹ jẹ́ kí ó hó wọ́ọ́rọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ yọ kànáfùrù kúrò lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì dé e fún ogún ìṣẹ́jú pẹ̀lú èyí tó kù kí ẹ tó sẹ́ ẹ. Ẹ má lo èyí tí wọ́n ti lọ̀ kúnná o. Ẹrẹ̀ ni yóò sọ omi ṣúgà yín dà.

Kí n tó po ohunkóhun, mo máa ń kán omi ṣúgà díẹ̀ sínú ṣíbí tíì tútù kan, màá sì gbé e sí imú. Bí kànáfùrù bá ṣáájú òdòdó dé imú mi, omi ṣúgà lásán ni mo fi ń là á.

Ó wá ku pípò. Nínú ìgò ẹlẹ́nu gbẹ̀ǹgbẹ̀ tó ní ìdérí, ẹ da mìlílítà 60 tíì tó ti tutù pátápátá, 45 jíìnì, 20 omi ṣúgà àti 15 omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ kó yìnyín sí i, kí ẹ mì í kíkankíkan fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 12, títí ara ìgò yóò fi máa làágùn. Ìgbà yìí ni kí ẹ tó tọ́ ọ wò, nítorí òtútù máa ń dín adùn ṣúgà kù lẹ́nu. Bí òdòdó kò bá ṣì yọjú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ jíìnì ló ń bá a jà, nítorí òun náà ní òórùn tirẹ̀. Ẹ fi fọ́díkà rọ́pò rẹ̀. Lójú tèmi, ó bá jásímìnì mu jù ú lọ. Fún àlejò tí kì í mu ọtí, ẹ fi tíì dípò rẹ̀, kí ẹ sì dín omi ṣúgà kù díẹ̀. Omi ṣúgà tó bá ṣẹ́ kù lè lo ọ̀sẹ̀ méjì nínú fíríìjì, bí ìgò rẹ̀ bá mọ́ tí ìdérí rẹ̀ sì dí dáadáa.