Ẹ wo àsìkò tí ẹ ó fi kà á kí ẹ tó yá a

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní láíbìrì ò jìnnà sí yín ní Ọ̀yọ́, ẹ sì ti forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìwé ìtàn àròsọ tí ẹ bá yá, ẹ kì í kà á dé ìdajì tí ẹ fi ń dá a padà. Ẹ wá ń béèrè bí èèyàn ṣe ń mọ èyí tó máa dùn kó tó gbé e délé. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà ní tèmi, aṣọ ni mò ń rán ní Tàkié, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń yá ìwé kà. Ohun tí ojú mi ti rí nínú ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Lójú tèmi, ìwé kọ́ ló ń dà yín láàmú. Àsìkò tí ẹ fi ń kà á ni kò bá a mu. Ẹ ní lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti sùn lẹ ń kàwé, ẹ tún ní èyí tí gbogbo èèyàn ń yìn lẹ kọ́kọ́ máa ń mú. Ìwé lè dára débi pé kò sẹ́ni tí kò gbọ́ orúkọ ẹ̀, kó má sì jẹ́ oúnjẹ ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ìdájí. Nítorí náà, kí n tó nawọ́ sí ìwé kankan, mo máa ń bi ara mi pé ìgbà wo gan-an ni mo máa ráyè lọ́sẹ̀ yìí. Ṣé ní ṣọ́ọ̀bù ni, láàárín oníbàárà kan sí èkejì? Ṣé ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni? Àbí alẹ́, tí àwọn ọmọ ṣì wà lójúfò?

Ti ṣọ́ọ̀bù gba ìwé tí ọ̀rọ̀ ẹnu pọ̀ nínú ẹ̀. Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tó jáde ní 1974, ìdí máṣìn ni mo ti kà á tán. Ọ̀rọ̀ Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn ọmọbìnrin tó ń fẹ́ ni. Oníbàárà á wọlé, màá fi ègé aṣọ há ojú ewé, màá gba ìwọ̀n rẹ̀, a ó dúnàádúrà, yóò lọ. Bí mo bá tún ṣí i, Àṣàkẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà, á ṣì wà níbi tí mo fi í sí, n kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú yàtọ̀. Ìgbà yẹn ni mo máa ń mú ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, irú èyí tí kì í jẹ́ kéèyàn dìde. Ọmọ Ọ̀yọ́ yín níbẹ̀ ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí. Àjà Ló Lẹrù tó kọ ní 1969, Lápàdé tó ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ ló ń lé àwọn ọ̀daràn kiri nínú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní alẹ́ tí iṣẹ́ ń bẹ lọ́jọ́ kejì. Ẹ ò ní sùn.

Ní ti Fágúnwà tí ẹ sọ pé ó sú yín, inú mi ò dùn sí i rárá, nítorí mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Àwọn tó ní ó le, ọ̀pọ̀ wọn ló ń dá a kà wúyẹ́wúyẹ́ nínú ara wọn. Ẹ wo Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó jáde ní 1938. Àkàrà-Oògùn jókòó, ó ń fẹnu sọ ìrìn-àjò rẹ̀. Nígbà tó fi máa padà wá lọ́jọ́ kejì, àwọn èèyàn ti gbọ́, wọ́n ti pé jọ síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí ẹ kà á. Ẹ má dúró dìgbà tí àwọn ìbejì bá sùn. Ẹ kà á sókè sí wọn létí, ojú ewé mẹ́ta mẹ́rin lálẹ́ kan. Ibi tó ti to ọ̀rọ̀ léra wọn, tí ẹ rò pé ó gùn jù, ibẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ tèmi ti máa ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n á ní kí n tún un kà.

Tí ẹ bá wá dé ìdí pẹpẹ ìwé, ojú ewé àkọ́kọ́ nìkan ò tó. Gbogbo òǹkọ̀wé ló ń fara balẹ̀ síbẹ̀. Ẹ ṣí àárín ìwé, ẹ ka ojú ewé kan wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí ìdúró. Bí ẹ bá ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń sọ̀rọ̀, tó sì ń ṣe yín bíi kí ẹ mọ ohun tó mú wọn dé ibẹ̀, ẹ mú un. Èyí kan náà ni mo fi ń yan ti Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ lẹ́tà rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ìwé tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú 1974, tí ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò báyìí, “aiye” àti “enia” àti “nwọn” lẹ máa bá níbẹ̀. Ó ń mọ́ra tó bá yá, ṣùgbọ́n tí iná ò bá sí, tí lẹ́tà náà tún wá rí tín-ín-tìn-ìn-tín, yóò yọ yín lẹ́nu. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní èyí tí wọ́n tún tẹ̀.

Ẹ sì yẹ ìparí rẹ̀ wò dáadáa, pàápàá tó bá jẹ́ ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Mo ti yá ọ̀kan níbì kan rí tí wọ́n ti fa ewé tó kẹ́yìn ya. Mo ka gbogbo ẹ̀ tán, n kò mọ ẹni tó pààyàn. Ó dùn mí wọra.

Ohun méjì ló kù tí kì í sábà já mi kulẹ̀. Àkọ́kọ́ ni àwọn ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá padà, tó ṣì wà lórí tábìlì òṣìṣẹ́, tí wọn ò tíì tò. Ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ kà wọ́n ni, mo sì máa ń béèrè pé kí lẹni náà sọ. Èkejì ni tákàdá kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú èèpo ẹ̀yìn, tí wọ́n ń lu òǹtẹ̀ ọjọ́ ìdápadà sí. Ìwé tí òǹtẹ̀ rẹ̀ ti kún, tí wọ́n tilẹ̀ ti lẹ tákàdá mìíràn lé orí ti àkọ́kọ́, àwọn ará àdúgbò yín ti bá yín tọ́ ọ wò.

Bí ẹ ò bá rí ìwé Yorùbá, ẹ má tíì sọ pé kò sí. Níbi tí wọ́n bá ti ń lo nọ́ńbà Dewey, ìyẹn nọ́ńbà tí láíbìrì fi ń to ìwé sórí pẹpẹ, 896.333 ni ti Yorùbá, 823 sì ni ìtàn àròsọ Gẹ̀ẹ́sì, títí kan èyí tí àwọn ọmọ Nàìjíríà kọ. Wọ́n lè jìnnà síra wọn.

Ẹ tún sọ pé ojú ń tì yín láti dá ìwé padà láì kà á tán. Ẹ má jẹ́ kó tì yín mọ́. Kò sẹ́ni tó máa bi yín ní ìbéèrè inú ẹ̀, ẹ ò sì san owó fún un.

Tó bá jẹ́ èmi ni, Ọmọ Olókùn-Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí ni màá kọ́kọ́ wá ní Ọ̀yọ́ níbẹ̀. Ìtàn àwọn ará Òkè-Ògùn ni, tí wọ́n ń jà láti kúrò lábẹ́ ìsìnrú Olúmokò. Ó ṣe é kà sókè, ó sì ṣe é dá kà. Tí wọ́n bá gbà kí ẹ mú méjì, ẹ fi Òkédìjí kún un de ọjọ́ Àìkú. Kí ẹ sì padà wá sọ fún wa èyí tí àwọn ìbejì ní kí ẹ máa kà nìṣó.