Àtúnwò kì í bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ọmọ yín ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan, àti pé kò yé yín bí rẹfirí ṣe ń ṣi ìpinnu ṣe nígbà tí kámẹ́rà yí pápá ká, tí wọn kò sì ní yí èsì padà lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti rí àṣìṣe náà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wọ aṣọ onílà dúdú àti funfun yẹn ní Texas, lórí pápá àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì àti ti irú kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ẹ sọ yìí. Èébú tí wọ́n ti bú mi níbẹ̀ kò lóǹkà. Ìyá mi tó jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ ní Ìbàdàn pàápàá gba tirẹ̀.

Ẹni tó wà nídìí fídíò lókè, tó ń ṣe àtúnwò ìpinnu rẹfirí, kì í bèèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ohun tó ń wá ni bóyá àwòrán fi hàn láìsí iyèméjì pé ìpinnu tí rẹfirí ṣe lórí pápá kò tọ́. Bí iyèméjì bá kù díẹ̀, ìpinnu orí pápá ló dúró. Nítorí náà, rẹfirí tó kọ́kọ́ na ọwọ́ sókè ló ti ṣe ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹjọ́ náà kí fídíò tó dé ibẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ìlà góòlù, ìlà funfun tí bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ dé. Ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù bẹ orí wọ àárín èrò, ó há a mọ́ ikùn, àwọn géńdé wó lé e. Èmi ń sáré bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ojú mi ń wá nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà: orúnkún rẹ̀ àti ṣóńṣó bọ́ọ̀lù. Ní ti yunifásítì, bí orúnkún bá ti kan ilẹ̀, ó parí, ẹnì kan ì báà fọwọ́ kàn án tàbí kò fọwọ́ kàn án. Bí ṣóńṣó bọ́ọ̀lù bá sì ti dé etí ìlà funfun kí orúnkún tó balẹ̀, touchdown ni, ìyẹn ni pé wọ́n ti jẹ góòlù. Kámẹ́rà tó rí orúnkún kì í sábà rí bọ́ọ̀lù, torí ara èèyàn ti bò ó. Èyí tó rí bọ́ọ̀lù sì lè wà níkọ̀rọ̀, kó má wo ìlà náà lọ́gbọọgba. Wọ́n á wá máa so méjèèjì pọ̀, ẹ̀yin á máa pòṣé nílé.

Bàbá ọmọ kan bá mi dé ẹnu ọ̀nà lálẹ́ ọjọ́ kan, ó na fóònù sí mi lójú. Nínú fídíò tirẹ̀, bọ́ọ̀lù wọlé. Orí àga lókè ló ti yà á, lẹ́yìn ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù. Láti ibẹ̀, bọ́ọ̀lù tó ku díẹ̀ kó dé á dà bíi pé ó ti dé. Èmi dúró lórí ìlà. Kò gbà, ọlọ́pàá ló sìn wá dé ìdí ọkọ̀.

Ti èsì tí wọn kì í yí padà: ìwé òfin ló sọ ọ́. Bí rẹfirí bá ti kéde pé eré ti parí, èsì ti di èsì. Ní 2006, ẹgbẹ́ Yunifásítì Oregon gbá bọ́ọ̀lù kúkúrú sí ti Oklahoma kí wọ́n lè tún un gbà fúnra wọn, ọmọ Oregon fọwọ́ kàn án kó tó rin yáàdì 10 tí òfin ní kó rìn. Wọ́n wo fídíò, wọ́n ṣì gbé bọ́ọ̀lù fún Oregon, Oregon borí 34–33. Wọ́n dá àwọn rẹfirí àti ẹni tó wà nídìí fídíò dúró fún eré kan. Ààrẹ Yunifásítì Oklahoma ní kí wọ́n pa eré náà rẹ́ nínú àkọsílẹ̀. Èsì náà ò yí padà. Ní 2015, ẹgbẹ́ Yunifásítì Miami ju bọ́ọ̀lù sí ara wọn lẹ́ẹ̀mẹ́jọ láti gba touchdown lé Duke lórí nígbà tí àkókò ti tán, 30–27. Orúnkún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Miami ti balẹ̀ kó tó ju bọ́ọ̀lù. Wọ́n fi bí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án wò ó, wọ́n ṣì gbà á wọlé! Wọ́n dá àwọn rẹfirí náà dúró fún eré méjì, Duke kò rí nǹkan kan gbà padà.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti Texas àti Georgia ní 2024. Àsíá, ìyẹn aṣọ tí rẹfirí ń jù sílẹ̀ láti fi ẹ̀ṣẹ̀ hàn, tí wọ́n jù lòdì sí Texas fún dídí ẹni tó fẹ́ mú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ kò sí lára ohun tí àtúnwò lè fọwọ́ kàn. Àwọn èrò Texas bẹ̀rẹ̀ sí í ju ike omi sórí pápá, eré dúró, àwọn rẹfirí kó orí jọ, wọ́n sì gbé àsíá náà kúrò. Àsíá ọ̀hún kò yẹ ní jíjù látilẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún èrò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ pé ike kọ́ ló ṣe é? SEC, líìgì tí Texas wà, bu owó ìtanràn $250,000 lé Texas. Owó ìpápánu ni fún irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀.

Nípa ọmọ yín: níbi tó ti ń gbá a, ó ṣeé ṣe kó má sí ẹni kankan nídìí fídíò. Níbẹ̀, ẹ máa wo ọwọ́ rẹfirí tó sún mọ́ bọ́ọ̀lù jù. Tó bá ti ju àpò kékeré tó wà ní ìgbànú rẹ̀ sílẹ̀, ó ti rí i pé bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé e. Bí ohun kan kò bá sì yé ẹgbẹ́ ọmọ yín, kí kápútéènì wọn bá wa sọ̀rọ̀ ní pẹ̀lẹ́ kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò nílẹ̀ fún eré tó kàn, ọwọ́ wa ò tó o mọ́.