Ọkọ mi ní àpà ni mí, bẹ́ẹ̀ n kò mọ ibi tí owó ń gbà lọ

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Akọ̀wé ni mí ní iléeṣẹ́ kan, ọkọ mi sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fi 8 nínú 100 kún owó oṣù mi. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, owó máa ń tán lọ́wọ́ mi kí oṣù tó parí. Wọ́n sì ti dá ófátáìmù ọkọ mi dúró. Alaalẹ́ ló ń pè mí ní àpà, pé ta ló gba àfikún owó tí kò rí nǹkan kan fi í ṣe. Ohun tí kò mọ̀ ni pé mo yá ẹgbẹ̀rún 100 lọ́dún kan sẹ́yìn láti fi san owó ilé, èlé rẹ̀ sì jẹ́ 5 nínú 100 lóṣooṣù. Mò ń san ẹgbẹ̀rún 6 lóṣù, n kò pa oṣù kankan jẹ. Mo tún ń fi ẹgbẹ̀rún 4 pamọ́ sí báńkì lóṣooṣù, torí bí màmá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ṣé lóòótọ́ ni mo jẹ́ àpà? Mo fi àkọsílẹ̀ ìnáwó wa há inú lẹ́tà yìí. Ẹ tún bá mi dá sí i: ṣé kí n ra fóònù tuntun láwìn kó tó wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ? — Akọ̀wé tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀*

Àbúrò mi,

O kì í ṣe àpà. Mo ka àkọsílẹ̀ rẹ láti òkè dé ilẹ̀, n kò rí ìnákúnàá níbẹ̀, àfi bí ẹnìkan bá fẹ́ máa pe owó ọkọ̀ ní fàájì. Ẹ̀bi kan wà lọ́rùn rẹ ṣá o, mò ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Wo àkọsílẹ̀ náà pẹ̀lú mi. Àwọn ohun tí ẹ ń rà ti fi bí 15 nínú 100 wọ́n sí i láàárín ọdún kan. Ká ní owó oṣù rẹ àtijọ́ ń ra nǹkan 100. Owó náà ti di 108, ṣùgbọ́n owó àwọn nǹkan yẹn ti di 115. Bí o bá fi ọ̀kan pín èkejì, wàá rí i pé bí nǹkan 94 péré ni owó oṣù rẹ lè rà báyìí. Wọ́n fi owó kún un fún ọ, agbára owó rẹ sì dín kù, kò sì sẹ́ni tó purọ́ fún ọ. Ọ̀gá máa ń sún owó oṣù sókè lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ọjà kì í dúró de ọdún. Láti 1928 ni Irving Fisher, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ará Amẹ́ríkà, ti ń kìlọ̀ pé iye owó là ń wò, a kì í wo ohun tí ó lè rà. Ohun tí ọkọ rẹ ń ṣe gan-an nìyẹn: 8 yẹn nìkan ló ń rí.

Bí o bá sì gbọ́ nínú ìròyìn pé ọ̀wọ́ngógó ọjà kò tó bí o ṣe ń rí i, kì í ṣe ojú rẹ ló ń ṣe ọ́. Ní 1857, Ernst Engel, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tó ń ṣírò ìnáwó àwọn ìdílé, ṣàkíyèsí pé bí ìdílé bá ṣe tálákà tó ni ìpín tí oúnjẹ ń kó nínú owó wọn ṣe ń pọ̀ tó. Iye kan ṣoṣo ni ìjọba ń kéde fún gbogbo ìlú. Bí oúnjẹ àti owó ọkọ̀ bá wọ́n ju ohun yòókù lọ, olówó á gbọ́ ọ lórí rédíò, ìwọ á rí i nínú ìkòkò.

Ní ti ófátáìmù bàbá ọmọ rẹ, ó ṣeé ṣe kí ọ̀wọ́ngógó yìí náà wà nídìí rẹ̀. Nígbà tí ọjà bá wọ́n jù, báńkì àpapọ̀, tó ń ṣàkóso owó ìlú, máa ń gbé èlé sókè kí àwọn ènìyàn lè dẹwọ́ owó yíyá àti ìnáwó. Ilé ìtẹ̀wé tó ń yáwó ra bébà àti tàdáwà á rí i pé owó yíyá ti wọ́n, àwọn oníbàárà náà á sì dín iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé wá kù. Kí ọ̀gá tó lé ènìyàn, wákàtí ló sábà máa ń kọ́kọ́ gé. Ní Amẹ́ríkà, Paul Volcker di ọ̀gá báńkì àpapọ̀ ní 1979, ó sì gbé èlé sókè títí ó fi kọjá 19 nínú 100 ní 1981. Ọ̀wọ́ngógó tó ju 13 nínú 100 lọ ní 1980 wálẹ̀ sí nǹkan bí 3 ní 1983. Ṣùgbọ́n ní ìparí 1982, bí 11 nínú 100 òṣìṣẹ́ ni kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn onímọ̀ á ní ó tó bẹ́ẹ̀, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi á ní àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ló san owó ìtura tí gbogbo ìlú jẹ.

Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ kí ìwọ àti ọkọ rẹ máa fi ẹnu gún ara yín. Ẹ kọ́ lẹ pe ọ̀wọ́ngógó wọlé.

Ṣùgbọ́n gbèsè yẹn, ìwọ lo pè é wọlé, òun ló sì ń gbé owó rẹ lọ. Wọ́n ní 5 nínú 100, ó dún bí nǹkan kékeré. Oṣù ni wọ́n ń wí o, kì í ṣe ọdún. Bí o kò bá san nǹkan kan rárá, 100 á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di 180 lóṣù 12, torí èlé ń bí èlé. Nínú ẹgbẹ̀rún 6 tí o kọ́kọ́ san, ẹgbẹ̀rún 5 jẹ́ èlé, ẹgbẹ̀rún 1 ló kan ojú owó, ìyẹn owó tí o yá gan-an. O ti san ẹgbẹ̀rún 72 báyìí, bẹ́ẹ̀ o ṣì jẹ nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 84. Èlé nìkan ti kó bí ẹgbẹ̀rún 56 jẹ. Ìwé báńkì tí o fi ránṣẹ́ sì fi hàn pé èlé 6 nínú 100 ni wọ́n ń fún ọ, lọ́dún kan gbáko. Ẹgbẹ̀rún 48 tí o fi pamọ́ bí èlé tó tó nǹkan bí 1,340 fún ọ. Ẹgbẹ̀rún 56 jáde, kò tó ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀ tó wọlé.

Màmá rẹ kò purọ́, ìpamọ́ dára. Ṣùgbọ́n a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Mú ẹgbẹ̀rún 30 nínú owó báńkì yẹn, san án sórí ojú owó. Fi ìyókù sílẹ̀ fún àìsàn àti ọ̀ràn pàjáwìrì, torí bí o bá gbọ́n ọn gbẹ, ọ̀dọ̀ ayánilówó yẹn náà lo máa padà sí. Lẹ́yìn náà, dá ìpamọ́ dúró, kí o sì da ẹgbẹ̀rún 4 rẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹgbẹ̀rún 6, kó di ẹgbẹ̀rún 10 lóṣù. Lóṣù keje, wàá san èyí tó kù, gbèsè á tán. Bí o bá ń bá a lọ bí o ṣe ń san án tẹ́lẹ̀, o ṣì ní ju ọdún méjì lọ níwájú.

Kí o tó san ẹgbẹ̀rún 30 yẹn, bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá tètè san gbèsè, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojú owó ni wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀. Wo àdéhùn náà dáadáa, bóyá ó fún wọn láyè láti gbé èlé sókè nígbà tó bá wù wọ́n.

Ó wá ku ọkọ rẹ, níbi tí ẹ̀bi rẹ wà. Sọ fún un. Má sọ ọ́ lálẹ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pè ọ́ ní àpà, ìjà ló máa dà. Wá àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, kó ìwé ìsanwó jókòó, kí o sọ pé, “Bàbá ọmọ mi, gbèsè kan wà tí mi ò sọ fún yín. Owó ilé ni mo fi san. Ẹ wo bó ṣe kù.” Bó bá bínú, jẹ́ kó bínú, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Bí inú rẹ̀ bá rọ̀, béèrè èló ló ń mú wálé báyìí tí kò sí ófátáìmù. Mo wá iye yẹn títí nínú àkọsílẹ̀ rẹ, n kò rí i. Ó jọ lójú mi pé òun náà ń fi nǹkan pamọ́, ìtìjú sì lè wà nínú ariwo àpà tó ń pa.

Fóònù ńkọ́? Lóòótọ́, ó lè fi bí 15 nínú 100 wọ́n sí i tó bá fi di àmọ́dún. Ṣùgbọ́n àwìn tí o sọ yẹn, bí èlé rẹ̀ bá sún mọ́ ti gbèsè yìí, á ti wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ kí oṣù mẹ́rin tó pé. Bí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ bá ṣì ń gba ìpè, máa lò ó.