Ẹsẹ̀ ọkùnrin nínú bàtà gogoro: ẹ má fi oògùn pa á lẹ́nu mọ́

Ìbéèrè: Mà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkùnrin ni mí, ẹni ọdún 38, Birmingham ni mo ń gbé. Ó ti pẹ́ tí mo ti máa ń múra bí obìnrin ní òpin ọ̀sẹ̀, ìyàwó mi sì mọ̀ sí i. Bàtà nìkan ló kù tí mi ò rí ojútùú rẹ̀. Nọ́ńbà 9 ni mò ń wọ̀. Mo ra bàtà gogoro nọ́ńbà 9 lọ́wọ́ ará Amẹ́ríkà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gìgísẹ̀ rẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 12. Kí n tó wọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, iwájú ẹsẹ̀ á ti máa jó mi, ọmọ ìka kẹrin á sì kú tipiri di ọjọ́ kejì. Ẹnìkan tó pe ara rẹ̀ ní "olùtọ́jú ẹsẹ̀" sọ fún mi pé eegun ọkùnrin kò bá bàtà gogoro mu, pé ìrora ni owó ìkọ́ṣẹ́. Ó ní kí n máa fín oògùn tó ń mú ara kú sí ẹsẹ̀, kí n sì wọ bàtà náà fún wákàtí márùn-ún lójúmọ́ títí ẹsẹ̀ á fi gbó. Oògùn wo ló lágbára jù nínú wọn? Báwo sì ni mo ṣe lè máa ju ìdí bí obìnrin?

Ìdáhùn: Mi ò ní dárúkọ oògùn kankan fún yín. Ẹ bọ́ bàtà yẹn sílẹ̀ lónìí, ẹ má sì wọ̀ ọ́ mọ́. Ohun tí ẹ ń wá kò le tó bí wọ́n ṣe sọ fún yín. Ẹni tó sọ ọ́ le lójú yín ni mo ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti bá jà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú nọ́ńbà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, 9 ọkùnrin àti 9 obìnrin gùn dọ́gba. Ti Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, fún ẹsẹ̀ kan náà, nọ́ńbà obìnrin máa ń fi bíi ọ̀kan àbọ̀ ju ti ọkùnrin lọ, ti ọkùnrin wọn náà sì tún ga díẹ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀ dáadáa, 9 obìnrin Amẹ́ríkà kò ju nǹkan bíi 7 tiwa lọ. Ìdá kan nínú mẹ́ta ínṣì ni nọ́ńbà kan, ìyẹn ni pé ẹ ń ki ẹsẹ̀ bọ bàtà tó fi bíi sẹ̀ǹtímítà 1.7 kúrú sí i! Bóyá 11 tàbí 11 àbọ̀ ló yẹ kí ẹ béèrè lọ́wọ́ onítọ̀hún, tàbí 43 tí ó bá jẹ́ ti Yúróòpù. Ẹ gbé ẹsẹ̀ lé bébà, ẹ fi bírò yí i po, kí ẹ wá gbé bàtà lé orí rẹ̀ wò. Ìyẹn dá mi lójú ju nọ́ńbà èyíkéyìí lọ. Ẹ má sì gbàgbé ìbú. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń ka ìbú níbí: D ni ti obìnrin tó wọ́pọ̀, G ni ti ọkùnrin. Nítorí náà, tí gígùn bá tilẹ̀ bá yín mu, bàtà obìnrin lè há yín lẹ́gbẹ̀ẹ́. E tàbí EE ni kí ẹ wá.

Nígbà tí bàtà ti kúrú báyìí, ta ló wá ń ti ẹ̀bi sọ́rùn eegun ọkùnrin?

Eegun 26 ló wà nínú ẹsẹ̀ kan. Iye kan náà ló wà lára yín àti lára ìyàwó yín, bákan náà ni oríkèé wọn ṣe so pọ̀. Lóòótọ́, ẹsẹ̀ ọkùnrin sábà máa ń gùn, ó sì máa ń fẹ̀ ju ti obìnrin lọ, ṣùgbọ́n oníbàtà ni ìyẹn kàn. Àwọn agẹṣin ilẹ̀ Páṣíà ló ń wọ bàtà oní-gìgísẹ̀ láyé àtijọ́, kí ẹsẹ̀ wọn má baà yọ̀ kúrò nínú irin abẹ́ gàárì. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Louis Kẹrìnlá, ọba ilẹ̀ Faransé, ń wọ gìgísẹ̀ pupa, àwọn ìjòyè ààfin rẹ̀ náà sì ń wọ̀ ọ́. Ní ilé wa, ọkùnrin ló ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu àti agbègbè rẹ̀. Wọn a fi aṣọ obìnrin múra, wọn a di ọmú àti ìdí sára, irin ẹsẹ̀ wọn a sì máa dá onílù lóhùn. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ sọ fún wọn pé eegun ìbàdí wọn kò gbà á.

Ọ̀rọ̀ "ìrora ni owó ìkọ́ṣẹ́" yẹn ló ń bí mi nínú jù. Ẹ̀yin nìkan kọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Àwọn obìnrin ń kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, àwọn ọkùnrin tó ń múra bí obìnrin ń kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn òṣèré ọkùnrin tó ń ṣe ìyá àgbà nínú eré pantomime tí wọ́n máa ń ṣe níbí nígbà Kérésìmesì. Ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àárín ọmọ ìka kẹta àti ìkẹrin láti abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Iṣan ìmọ̀lára kan, ìyẹn èyí tó ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ, gba ibẹ̀ kọjá láàárín orí eegun méjì. Bí gìgísẹ̀ bàtà bá ga, ara á yí síwájú, ìwúwo tó yẹ kí ẹ̀yìn àti iwájú ẹsẹ̀ jọ gbé á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ti iwájú nìkan. Bí bàtà bá tún há, orí eegun méjèèjì á há iṣan náà mọ́ àárín. Ó máa kọ́kọ́ jó, lẹ́yìn náà ó máa kú. Tí ó bá ń rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ohun tó bo iṣan náà á máa nípọn títí tí á fi di kókó. Morton's neuroma là ń pè é. Ẹni tó bá ní in á máa bọ́ bàtà wò lójú títì bóyá òkúta ló wọ̀ ọ́, kò sì ní rí nǹkan kan níbẹ̀.

Awọ ẹsẹ̀ lè le. Ẹran ara lè lágbára sí i. Iṣan ìmọ̀lára kì í gbó. Bí wọ́n bá ṣe ń fún un pọ̀ tó ni yóò ṣe máa bàjẹ́ tó.

Lidocaine ló sábà máa ń wà nínú oògùn tí ẹ ń béèrè, irú èyí tí dókítà eyín ń fún sí èèrìgì kó tó fa eyín yọ. Kò wo ẹsẹ̀ sàn rárá, ìròyìn ló ń dá dúró lọ́nà. Ẹni tó fín in sí ẹsẹ̀ nítorí kó lè rìn nínú bàtà tó há ti pa ajá tó ń gbó olè. Ọ̀kan nínú àwọn òṣèré yẹn wá sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ọdún. Kó tó jáde sórí ìtàgé ló máa ń fín in sí ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ léròrò, ìléròrò bẹ́, awọ lẹ̀ mọ́ inú bàtà, kò sì mọ nǹkan kan títí tó fi bọ́ ọ lálẹ́ tó rí i pé ìbọ̀sẹ̀ ti pọ́n fún ẹ̀jẹ̀. Egbò yẹn pẹ́ kó tó jinná, bẹ́ẹ̀ kò ní àìsàn kankan lára. Tí ó bá jẹ́ alátọ̀gbẹ ni, irú egbò bẹ́ẹ̀ lè gba ọmọ ìka lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi ọ̀rá wé ẹsẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá fi irú oògùn yìí pa á, kó lè wọlé dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Tí ó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè da ìlù ọkàn rú, ó sì lè fa gìrì.

Ẹni tó sọ ọ́ fún yín ńkọ́? Physiotherapist (ẹni tó ń fi eré ara tọ́jú iṣan àti oríkèé), podiatrist àti chiropodist (àwọn tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ẹsẹ̀), òfin ilẹ̀ yìí dáàbò bo orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé HCPC, ìyẹn àjọ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ ìlera sílẹ̀, kò gbọdọ̀ fi pe ara rẹ̀. "Olùtọ́jú ẹsẹ̀" lásán kò sí lára wọn, ẹnikẹ́ni ló lè jí láàárọ̀ kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ orúkọ. Ìwé náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wá orúkọ ẹni yẹn níbẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá kọ́ ohun tó ṣeé kọ́.

Eegun kan wà nínú kókósẹ̀ tó ń jẹ́ talus. Ó fẹ̀ níwájú, ó tín-ín-rín lẹ́yìn. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀, apá tó fẹ̀ ló wà láàárín eegun ojúgun méjèèjì, ibẹ̀ á dì pinpin. Bí ẹ bá gun orí gìgísẹ̀ gíga, apá tó tín-ín-rín ló bọ́ síbẹ̀, àyè á sì ṣí sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi máa ń yára rọ́ nínú bàtà gogoro, ti ọkùnrin ni o, ti obìnrin ni o. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun àti àwọn iṣan yíká kókósẹ̀ ni yóò dì í mú, nítorí náà ẹ kọ́ wọn kí ẹ tó ra bàtà míì. Ẹ dúró lórí ẹsẹ̀ kan láìwọ bàtà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí ẹ lè tètè dì mú, kí ẹ rọra gòkè sórí ọmọ ìka, kí ẹ sì rọra sọ̀ kalẹ̀. Tí ẹ kò bá tíì lè ṣe é ní ìgbà 20 lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, sẹ̀ǹtímítà 12 ti yá jù fún yín. Ẹ tún máa dúró lórí ẹsẹ̀ kan fún ìṣẹ́jú àáyá 30 nígbà tí ẹ bá ń fọ eyín.

Nígbà tí ẹ bá bọ́ bàtà, ẹ fi ọwọ́ ti ògiri, kí ẹ na ẹran ẹ̀yìn ojúgun yẹn dáadáa. Ẹ má fojú di èyí. Ní 2010, àwọn olùṣèwádìí tí àwọn ará Yunifásítì Manchester Metropolitan wà lára wọn yẹ àwọn obìnrin tó ti ń wọ gogoro fún ọ̀pọ̀ ọdún wò, wọ́n rí i pé ẹran ibẹ̀ ti kúrú, iṣan tó so ó mọ́ gìgísẹ̀ sì ti le. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á wá máa rí ìnira nínú bàtà pẹlẹbẹ.

Gìgísẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 5 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kó nípọn, kó sì ní okùn tó ń di kókósẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ rà á, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀. Ẹsẹ̀ gígùn ní èrè kan tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún yín: gìgísẹ̀ kan náà kì í dà gẹ̀rẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ nọ́ńbà 9 tó bó ṣe máa dà lábẹ́ nọ́ńbà 4. Bí àtẹ́lẹ̀ bàtà tuntun bá ń yọ̀, ẹ fi bébà tí káfíńtà fi ń ha pákó họ ọ́.

Ní ti ìrìn fúnra rẹ̀, ẹ gé ìṣísẹ̀ yín kúrú. Èyí ni ọkùnrin kì í fẹ́ ṣe: wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé e nínú bàtà pẹlẹbẹ, orúnkún á wá tẹ̀, ìdí á yọ sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí gìgísẹ̀ kọ́kọ́ kanlẹ̀, kí iwájú tẹ̀lé e kíá. Ẹ tẹ́tí sí i lórí ilẹ̀ tó le: "ko-kà, ko-kà" wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni ó yẹ kó máa dún. Tí ó bá ń dún "gbì, gbì", ẹ ń ju ẹsẹ̀ lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn, orúnkún ló sì ń jẹ ẹ́. Ojú síwájú, kì í ṣe ilẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́ ti tó fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ìdí? Ẹ má jù ú. Bí ìṣísẹ̀ bá ti kúrú, tí ẹsẹ̀ kan sì ń balẹ̀ súnmọ́ iwájú èkejì, ìbàdí á máa mì fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi agbára jù ú, egungun ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ló ń yí, èmi náà ni yóò sì wá bá lọ́la.

Mi ò rí ẹsẹ̀ yín, ohun tí mo kọ síbí kò sì lè dípò àyẹ̀wò. Tí ọmọ ìka kẹrin bá ṣì ń kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ ti bọ́ bàtà yẹn, ẹ lọ rí GP yín, ìyẹn dókítà àdúgbò, tàbí podiatrist. Tí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ sọ òtítọ́ ohun tí ẹ wọ̀ fún wọn, ojú kò gbọdọ̀ tì yín. Ohun tó ń fún ẹsẹ̀ ni wọ́n fẹ́ mọ̀. Tí ẹ bá ń wá àwọn tó ti rin ọ̀nà yìí ṣáájú yín, ẹgbẹ́ Beaumont Society ti wà nílẹ̀ yìí láti 1966.

Níbi àtẹ̀gùn, ẹ di irin rẹ̀ mú, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má fi bàtà gogoro wa ọkọ̀, ẹ ní bàtà pẹlẹbẹ kan nínú mọ́tò. Tí ẹsẹ̀ bá sì rọ́ pẹ́nrẹ́n, tí ẹ kò lè fi rìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin, tàbí tí ó bá ń dùn yín gan-an tí ẹ bá tẹ eegun kókósẹ̀ lẹ́yìn, ilé ìwòsàn ni, kí wọ́n ya X-ray rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọ fún yín kí wọ́n tó yà á.