Ẹ mú wọn wá wo ilẹ̀ lẹ́yìn òjò

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè bí ẹ ṣe máa dá àbúrò ìyá yín lóhùn, èyí tó ń fi fídíò ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí pé àwọn ará Gíríìsì ló rọ àwọn orí idẹ Ifẹ̀, pé ọwọ́ baba ńlá wa kò lè ká irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: ọ̀rọ̀ yín kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ó ti lé lọ́dún 10 tí mo ti ń mú àwọn ọmọ ilé ìwé àti àlejò káàkiri Ilé-Ifẹ̀. Àìmọye ìgbà ni mo sì ti pàdánù àríyànjiyàn yìí kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ìbínú ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá kan nínú ẹbí wa sọ irú ọ̀rọ̀ yìí níbi ìkómọ, mo sì já a nírọ́ lójú gbogbo èèyàn, mo da ọdún àti orúkọ ìwé bò ó. Ó dákẹ́. Mo rò pé mo ti borí. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó tún fi fídíò mìíràn ránṣẹ́, èyí tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ ìtàn mọ́ títí dòní. Àgbà tí ẹ bá dójú tì níwájú ọmọdé, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yẹ́ ẹ sí ni yóò gbà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irọ́ ni wọ́n ń pa fún un. Nítorí náà, ẹ má ṣe dá a lóhùn lójú ẹbí. Ẹ pè é sórí fóònù, òun nìkan.

Ẹ wá kọ́kọ́ sọ ẹni tó bí irọ́ náà fún un. Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀ ní 1910. Ó rí orí tí wọ́n ń pè ní orí Olókun, ẹwà rẹ̀ sì gbà á lọ́kàn, ṣùgbọ́n kò lè gbà pé àwọn baba àwọn èèyàn dúdú tó dúró níwájú rẹ̀ ló ṣe é. Ó ní àwọn ará Gíríìsì ló ti wá tẹ̀dó sí ilẹ̀ wa nígbà kan rí, pé ibí gan-an ni Atlantis, ilẹ̀ inú àlọ́ àwọn Gíríìkì tí wọ́n ní omi bò mọ́lẹ̀. Ó fẹ́ gbé orí náà lọ, àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì ló dá a dúró. Tí àgbàlagbà bá ti gbọ́ èyí, kì í tún rò pé òun ni ẹ ń bá wí. Á rí i pé wọ́n ti tan òun náà jẹ ni.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ilẹ̀. Ní àwọn ibì kan ní Ifẹ̀, tí òjò bá ti wẹ ojú ọ̀nà, etí àpáàdì á yọ, wọ́n nà án ró, wọ́n tò ó ní ẹsẹẹsẹ, òkúta funfun wẹ́wẹ́ sì wà láàárín àwọn mìíràn. Ìtàn Ifẹ̀ ní Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló ní kí wọ́n tẹ́ ẹ. Ọkùnrin kan bá mi débẹ̀ tó ti ń sọ láti àárọ̀ pé ará Íjíbítì ló kọ́ wa ní gbogbo nǹkan. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìkòkò ni màmá yẹn ń mọ láti ìgbà ọmọge. Wọ́n lóṣòó, wọ́n fi àtàǹpàkò nu ẹrẹ̀ kúrò lára àpáàdì kan, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n ní, "Ìkòkò omi nìyí. Amọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí tiwa." Ọmọ wọn kò sọ nǹkan kan mọ́. Èmi náà kò sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ohun tí ẹni náà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí n máa bi í.

Ẹ bi àbúrò ìyá yín bóyá ó mọ bí àwọn asúde ṣe ń ṣe ẹdan Ògbóni. Wọ́n á fi amọ̀ ṣe inú rẹ̀, wọ́n á fi ìda bò ó, wọ́n á ya ojú àti ilà sára ìda, wọ́n á tún fi amọ̀ bò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Iná á yọ́ ìda dànù, wọ́n á da idẹ yíyọ́ sí àyè tó fi sílẹ̀. Ọ̀nà yìí náà ni wọ́n gbà rọ àwọn orí Ifẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 600 sí 800 sẹ́yìn, nígbà tí ògo Gíríìsì àtijọ́ ti wọmi láti ohun tó lé ní 1,000 ọdún. Níbi tí wọ́n ti ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin, ni wọ́n ti hú ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde ní 1938. Àwọn orí alámọ̀ tún wà tí ojú wọn jọ ti idẹ bí ìbejì. Ta ló máa ru amọ̀ wá láti Gíríìsì?

Ẹ ṣọ́ra níhìn-ín o, torí èmi náà ti ṣe é rí. Mo máa ń sọ pé ilẹ̀ Ifẹ̀ ni wọ́n ti wa bàbà àti idẹ yẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀, òwò ọ̀nà jíjìn ló gbé e wá. Arábìnrin kan tó mọ̀ nípa irin ló tú mi fó níwájú ọmọ ilé ìwé 40, kò sì sí èyí tó tún gba òótọ́ tí mo sọ lọ́jọ́ náà gbọ́. Mo tún máa ń pe gbogbo rẹ̀ ní brọ́ǹsì, bẹ́ẹ̀ èdè wa ti yà wọ́n sọ́tọ̀: idẹ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ìbòjú tí wọ́n fi orúkọ Ọbalùfọ̀n, Ọọ̀ni ayé àtijọ́ kan, pè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà pátápátá, bàbà sì le láti rọ ju idẹ lọ. Òótọ́ yìí dùn ju àsọdùn tí mo ń sọ lọ.

Tó bá ní ìlẹ̀kẹ̀ ńkọ́, ẹ sọ ti Igbó Olókun, igbó kan ní Ifẹ̀ níbí, fún un. Abidemi Babatunde Babalola, awalẹ̀pìtàn, ọmọ Yorùbá, walẹ̀ níbẹ̀ láti 2011, ó rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó ju 12,000 lọ pẹ̀lú àpáàdì ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ gíláàsì. Wọ́n yẹ gíláàsì náà wò, wọ́n sì rí i pé àpòpọ̀ rẹ̀ kò jọ ti Lárúbáwá tàbí ti Yúróòpù, ibí ni wọ́n ti ṣe é. Frobenius pàápàá rí irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ nínú igbó yẹn.

Tó bá wá lè wá sí Ifẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ kọ̀wé sí mi. Òjò ti ń rọ̀ níbí láti ọjọ́ Ajé, àpáàdì ti ń yọ lójú ọ̀nà. Ẹ sọ fún un kó wọ bàtà tí kò ní yọ̀ ọ́ nínú ẹrẹ̀.