Jẹjẹrẹ ti dé ọpọlọ: ṣé iṣẹ́ abẹ ṣì wúlò?

Dókítà, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ń bá ẹ̀gbọ́n mi fínra ní London. Kókó kan ṣoṣo ni wọ́n rí nínú ọpọlọ wọn. Àwọn ẹbí ní ká gbé wọn wálé s'Íjẹ̀bú.
— Àbúrò wọn

Ẹ má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì o. Ọ̀tọ̀ ni kókó kan, ọ̀tọ̀ ni ogún. Bí ayẹ̀wò PET (àwòrán ara tó ń fi ibi tí jẹjẹrẹ wà hàn) kò bá rí òmíràn, tí limfu nóòdù (àwọn ẹṣẹ́ kéékèèké tó ń gbógun ti àrùn) àárín àyà sì mọ́, wọ́n lè kọ́kọ́ yọ ti ọpọlọ tàbí kí wọ́n fi ìtànṣán jó o, kí wọ́n tó gé apá ẹ̀dọ̀fóró tó lárùn. Nínú ìwádìí Amẹ́ríkà kan tó jáde ní 2019, aláìsàn 49 ni, kókó tó ràn kò ju mẹ́ta lọ, oògùn sì ti kọ́kọ́ dá àrùn wọn dúró. Ìdajì àwọn tó fi iṣẹ́ abẹ tàbí ìtànṣán kún un lò ju oṣù 41 lọ láyé; ti àwọn yòókù, oṣù 17. N kò ṣèlérí ìwòsàn pátápátá; àrùn yìí máa ń padà. Ẹ kíyè sí i: ṣé ẹ̀gbọ́n yín lè gun àtẹ̀gùn láì mí hẹlẹhẹlẹ? Oníṣẹ́ abẹ yóò bi yín, kó lè mọ̀ bóyá ara wọn á gba iṣẹ́ abẹ.