Ṣé a lè fi drywall àti kọ́bọ́ọ̀dù bo àpótí wáyà mọ́nú ògiri?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. À ń tún kíṣìnì wa ṣe ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà níbí. Ilé náà ti lé ní ogójì ọdún. Nígbà tí wọ́n yọ iná ara ògiri àtijọ́ kan, a bá junction box onírin, ìyẹn àpótí tí wọ́n ti ń so wáyà pọ̀, lẹ́yìn rẹ̀, okùn wáyà mẹ́ta ló wọ inú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni kọ́bọ́ọ̀dù òkè tuntun máa wà. Káfíńtà ní kí n fọkàn balẹ̀, pé tí àwọn bá ti fi irin dé e, àwọn lè fi drywall (bọ́ọ̀dù gypsum tí wọ́n fi ń bo ògiri) bò ó kí àwọn tó kan kọ́bọ́ọ̀dù. Ọkọ mi ní kí n kọ́kọ́ béèrè. Ṣé òfin gbà á?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ bá mi kí bàbá, wọ́n ṣeun. Òfin ò gbà á, èmi náà ò sì ní gbà á nínú ilé tí mo bá ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ sọ fún káfíńtà kó dúró ná.

Ìwé òfin iná tí wọ́n ń tẹ̀ lé káàkiri Amẹ́ríkà ni National Electrical Code, tí a ń pè ní NEC. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe àtúnṣe rẹ̀, ibi kọ̀ọ̀kan ló sì ń yan ẹ̀dà tó máa lò, wọ́n sì lè fi tiwọn kún un. Ọ̀rọ̀ tó kàn yín wà ní abala 314.29: àpótí tí wáyà wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ ti lè tó wáyà náà láì yọ apá kankan lára ilé. Drywall, ara ilé ni. Táìsì, ara ilé ni. Kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, ara ilé ni èmi kà á sí, ọ̀pọ̀ inspector, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ iṣẹ́ wò, náà sì kà á bẹ́ẹ̀. Fíríìjì ò sí lára ilé ní tirẹ̀. Tí àpótí bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó kàn fà á síwájú ni.

Ohun tó ṣi káfíńtà lọ́nà ni pé ó rò pé ìdérí ló parí ọ̀rọ̀. Lóòótọ́, àpótí kankan ò gbọdọ̀ wà láìní ìdérí. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú àpótí ni ẹ máa wò: oríkèé wáyà, ìyẹn ibi tí wọ́n ti so wáyà mọ́ra, ló wà níbẹ̀. Wáyà dà bí ara wa, oríkèé ló máa ń kọ́kọ́ yọ wá lẹ́nu. Tí ẹ bá tan nǹkan, oríkèé á gbóná díẹ̀. Tí ẹ bá pa á, á tún tutù. Bí ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, èyí tí wọn ò so dáadáa á máa tú díẹ̀díẹ̀. Ibi tó bá sì ti tú, iná á máa fi agídí kọjá níbẹ̀, ooru á pọ̀, rọ́bà ara wáyà á bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Èyí tó burú jù ni pé brékà lè má já. Bí iná tó ń kọjá ṣe pọ̀ tó ni brékà ń wò. Kò mọ̀ pé oríkèé kan ń gbóná nínú ògiri.

Wọ́n pè mí sí ilé kan rí tí ìlàjì kíṣìnì ò ní iná. Ẹni tó ta ilé náà ló tún kíṣìnì ọ̀hún ṣe kó tó tà á. Odindi ọjọ́ kan ni mo fi wá ibi tí iná dúró sí. Ihò mẹ́ta la dá sí ògiri tó rẹwà kí a tó bá àpótí kan tí wọ́n fi táìsì bò mọ́lẹ̀. Rọ́bà wáyà inú rẹ̀ ti jó dúdú, ó ń rún mọ́ mi lọ́wọ́. Obìnrin tó ni ilé náà bú sẹ́kún. Kì í ṣe nítorí owó táìsì. Lẹ́yìn ògiri yẹn gan-an ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn.

Ní tiyín, ohun tó wù mí jù ni kí oríkèé náà má sí mọ́. Níwọ̀n ìgbà tí ògiri ṣì ṣí sílẹ̀, oníṣẹ́ iná lè fa wáyà tuntun tí kò ní gígé láti ibi tó ti ń bọ̀ dé ibi tó ń lọ. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ lè wà nínú ògiri títí láé. Tí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, kó fa àwọn wáyà yẹn padà sí basement (yàrá abẹ́ ilé) tí àjà rẹ̀ ṣì wà ní gbangba, tàbí sí òkè àjà tó ní ẹnu ọ̀nà, kó so wọ́n nínú àpótí tuntun níbẹ̀. Kó má gé wáyà náà kúrú o. Íǹṣì 6, ó kéré tán, ló gbọ́dọ̀ kù nínú àpótí, kí ẹni tó máa tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú lè rí nǹkan dì mú.

Bí méjèèjì ò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n gé ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí àpótí wà, kí wọ́n fi òrùka tí wọ́n ń fi fa àpótí gùn mú ojú rẹ̀ wá síwájú, kí wọ́n wá fi ìdérí tí kò lójú dé e. Ẹ lè to àwo síwájú rẹ̀. Ojú àpótí gbọ́dọ̀ bá pákó dọ́gba. Lára drywall tàbí táìsì, ó lè rì wọlé díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju ìdámẹ́rin íǹṣì kan lọ.

Ẹnìkan lè sọ pé kí ẹ kúkú gbé àpótí náà sọ̀kalẹ̀ kó di sọ́kẹ́ẹ̀tì fún bílẹ́ńdà. Ẹ má gbà. Iná ara ògiri ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wáyà rẹ̀ wá láti brékà tó ń tan gílóòbù. Sọ́kẹ́ẹ̀tì orí káńtà gbọ́dọ̀ gba iná láti brékà 20 ampere tiwọn, ó kéré tán méjì, tí kò gbọdọ̀ tan gílóòbù kankan.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ káfíńtà bóyá ó ti gba ìwé àṣẹ county, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ yín. Inspector gbọ́dọ̀ wo wáyà kí drywall tó bò ó, lẹ́yìn tí wọ́n bá bò ó tán kọ́. Kí wọ́n tó bò ó, ẹ fi fóònù ya gbogbo ògiri náà, kí tépù ìwọ̀n hàn nínú fọ́tò, kí ẹ lè mọ ibi tí wáyà gbà lọ́jọ́ iwájú.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan wáyà inú àpótí yẹn, ẹ pa brékà, kí ẹ sì rí i pé wọ́n fi tester dán okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò níkọ̀ọ̀kan. Nínú ilé tó pẹ́ tó tiyín, mo ti bá okùn méjì nínú àpótí kan ṣoṣo tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wá láti brékà ọ̀tọ̀, tí a pa ọ̀kan tí èkejì ṣì ní iná.